Kíka Ìgbín Inú Òkun

Bí a bá dárúkọ ìgbín, ohun tí ó máa ń wá sí ọkàn ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ẹ̀dá inú igbó tí ó ń gbé ilé rẹ̀ kiri lẹ́yìn, tí kì í sì í kánjú. Ṣùgbọ́n òkun pẹ̀lú ní ìgbín tirẹ̀. Àwọn kan wà nínú wọn tí wọn kì í ní ìkarahun mọ́ nígbà tí wọ́n bá dàgbà tán. Nígbà tí wọ́n wà ní ọmọ tíńtín tí omi ń gbé kiri, wọ́n ní in. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ti balẹ̀ sí ìsàlẹ̀ òkun, wọn a bọ́ ọ sílẹ̀, wọn a sì wà ní ìhòòhò títí ọjọ́ ikú wọn. Irú wọn tí àwọn onímọ̀ ti fún ní orúkọ ju 3,000 lọ. Ọ̀pọ̀lọpọ̀ wọn kò gùn tó ìka ọwọ́. Àwọn mìíràn kò ju hóró ìrẹsì lọ.

Ẹni tí ó bá rí wọn yóò ṣe kàyéfì bí ẹ̀dá tí ara rẹ̀ rọ̀ tó bẹ́ẹ̀, tí kò sì lè sáré, ṣe ń wà láàyè láàrin àwọn ẹja apẹranjẹ. Oúnjẹ wọn gan-an ni ó ń dáàbò bò wọ́n. Àwọn kan ń jẹ kànìnkànìn òkun tí ó ní oró, wọ́n sì ń fi oró náà pamọ́ sínú awọ ara wọn. Àwọn mìíràn ń jẹ àwọn ẹ̀dá omi tí wọ́n dàbí òdòdó, tí wọ́n sì ń jó ara ènìyàn bí èsìsì. Ìgbín yìí a gbé púpọ̀ nínú ohun atani náà mì láìjẹ́ kí ó ta á, a sì kó o lọ sí ṣóńṣó àwọn ìwo wẹ́wẹ́ tí ó wà ní ẹ̀yìn rẹ̀, kí ó lè fi ta ẹja tí ó bá fẹ́ bù ú jẹ. Àwọ̀ títàn tí ó wà lára ọ̀pọ̀ wọn jẹ́ ìkìlọ̀ fún ọ̀tá pé kí ó yà kúrò lọ́nà.

Kì í ṣe nítorí ẹwà yìí nìkan ni àwọn ènìyàn fi ń kà wọ́n. Oríṣi kọ̀ọ̀kan ní oúnjẹ tí ó yàn láàyò, àwọn mìíràn kò sì jẹ ju irú ohun kan ṣoṣo lọ. Bí oúnjẹ náà bá tán níbì kan, ìgbín tí ó ń jẹ ẹ́ kò lè dúró níbẹ̀. Ẹ̀wẹ̀, ẹ̀mí wọn kì í gùn. Ọ̀pọ̀ nínú wọn kì í lò ju ọdún kan lọ. Nítorí náà, bí omi òkun bá yí padà, kì í pẹ́ kí ìyípadà náà tó hàn lára wọn. Bí abẹ́rẹ́ ti kéré tó, kì í ṣe mímì fún adìyẹ. Bí ìgbín wọ̀nyí sì ti kéré tó, ọ̀rọ̀ ńlá wà lẹ́nu wọn fún ẹni tí ó bá mọ̀ ọ́n gbọ́.

Ní ọdún 2013, àwọn amòòkùn ìlú Nelson Bay, ní ìpínlẹ̀ New South Wales ní ilẹ̀ Ọsirélíà, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ kíka ìgbín òkun pẹ̀lú àwọn onímọ̀ Yunifásítì Southern Cross. Ọ̀jọ̀gbọ́n Stephen Smith ni ó ṣe agbátẹrù rẹ̀. Àwọn tí ó ń kà wọ́n kì í ṣe ọ̀mọ̀wé nìkan. Ẹnikẹ́ni tí ó mọ̀ ọ́n wẹ̀ tí ó sì ní ẹ̀rọ ayàwòrán lè bá wọn ṣe é. Láti ibẹ̀ ni iṣẹ́ náà ti tàn dé Sydney, Gold Coast àti àwọn etí òkun mìíràn.

Iṣẹ́ náà ní ìlànà tirẹ̀. Ní Fly Point, ní Nelson Bay, ẹsẹ̀ ni àwọn amòòkùn fi ń rìn láti èbúté wọ inú omi, láìwọ ọkọ̀. Ṣùgbọ́n omi ibẹ̀ lágbára púpọ̀ nígbà tí ó bá ń wọlé tàbí tí ó bá ń fà padà; ẹni tí ó bá fi ojú di í, yóò gbé e lọ. Nítorí náà, wọ́n á dúró di ìgbà tí omi bá kún tán tí ó sì dúró jẹ́ẹ́ kí wọ́n tó wọ̀ ọ́. Méjì méjì ni wọ́n ń lọ, kí ẹnì kan lè máa ṣọ́ ẹnì kejì. Olúkúlùkù gbé àgbá irin tí atẹ́gùn wà nínú rẹ̀ pọ̀n, ó sì mú tọ́ọ̀ṣì àti síléètì lọ́wọ́.

Bí wọ́n bá dé ìdí àpáta, ìkánjú tán. Amòòkùn tí ó bá ń sáré yóò kọjá lára ogún ìgbín láìrí ọ̀kan. Ẹni tí ó mọ iṣẹ́ náà kọ́kọ́ ń wá oúnjẹ ìgbín ná: ara kànìnkànìn àti koríko òkun ni ó ń wò. Bí ó bá rí ẹyin tí a tò yípo bí ọ̀já tẹ́ẹ́rẹ́ tí a ká, ó mọ̀ pé ìyá rẹ̀ lè má jìnnà. Kò ní fi ọwọ́ kan ìgbín náà, kò sì ní ṣí i nípò. Yóò ya àwòrán rẹ̀ lọ́nà tí ìwo méjì tí ó fi ń gbóòórùn yóò fi hàn dáradára, yóò sì kọ bí ó ti gùn tó, bí omi ti jìn tó níbẹ̀, àti bí àkókò tí òun fi wá a ti pọ̀ tó.

Àkókò yìí ṣe pàtàkì. Ẹni tí ó wá a fún wákàtí kan tí ó rí mẹ́wàá, àti ẹni tí ó wá a fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá tí ó rí mẹ́wàá, kì í ṣe ìròyìn kan náà ni wọ́n mú wá. Bákan náà ni ó yẹ kí a kọ ohun tí a wá tí a kò rí. Bí a kò bá sì dá ìgbín kan mọ̀, ó sàn kí a kọ ọ́ pé kò dájú ju kí a fún un ní orúkọ tí kì í ṣe tirẹ̀ lọ.

Èrè iṣẹ́ yìí ti ń hàn. Ní Ọsirélíà, àríwá ni omi ti móoru, gúúsù ni ó ti tutù. Ìṣàn omi ńlá kan ń gbé omi gbígbóná láti àríwá lọ sí gúúsù, ó sì ń gbé àwọn ọmọ ìgbín lọ pẹ̀lú. Àwọn tí ó ń kà wọ́n ti rí ọ̀pọ̀ ìgbín omi gbígbóná ní ibi tí ó jìnnà sí gúúsù ju ibi tí a mọ̀ wọ́n mọ́ tẹ́lẹ̀. Ìgbín kan ṣoṣo lè jẹ́ àlejò tí òtútù yóò pa. Ṣùgbọ́n bí a bá ń rí i lọ́dọọdún, tí ó sì ń yé ẹyin, ó ti di onílé nìyẹn.

Àlejò bẹ́ẹ̀ lè mú ìpalára wá. Ní Duxbury Reef, ní àríwá San Francisco ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, ìgbín òkun kan tí àwọn onímọ̀ ń pè ní Phidiana hiltoni dé ní ọdún 1992. Ìgbín ẹgbẹ́ rẹ̀ wà lára ohun tí ó ń jẹ. Nígbà tí àwọn onímọ̀ tún ibẹ̀ kà, wọ́n rí i pé díẹ̀ nínú àwọn tí ó ń jẹ ti dínkù gidigidi. Wọn ì bá tí mọ èyí bí kò bá ṣe pé àwọn kan ti ka ìgbín ibẹ̀ sílẹ̀ ní ọ̀pọ̀ ọdún kí àlejò náà tó dé.

Díẹ̀ díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọ ọgbà. Bẹ́ẹ̀ ni òkun ń yí padà, láìsí ariwo. Ẹni tí kò bá mọ iye ohun tí ó wà lánàá kò lè mọ ohun tí ó sọnù lónìí. Nítorí náà ni àwọn amòòkùn fi ń padà sí ibi kan náà lọ́dọọdún, tí wọ́n sì ń fi òtítọ́ inú kọ ohun tí ojú wọn rí.