“Málérìà”: Ibi tí orúkọ àìsàn ibà ti wá, àti ẹ̀kọ́ tó wà níbẹ̀

Ní Karu, ní agbègbè olú ìlú Nàìjíríà, Àbújá, bí òjò bá ti bẹ̀rẹ̀ sí rọ̀, omi a máa dá rogún sínú kòtò àti ojú gọ́tà. Àkókò yìí náà ni àìsàn ibà tí àwọn dókítà ń pè ní málérìà máa ń gbilẹ̀.

Àwọn ará Ítálì ló sọ àìsàn náà ní orúkọ yìí. Ọ̀rọ̀ méjì ló para pọ̀ di ọ̀kan: “mala”, èyí tí í ṣe “búburú”, àti “aria”, èyí tí í ṣe “afẹ́fẹ́”. Láti inú “malus” àti “aer” ti èdè Látìnì, èdè àwọn ará Róòmù àtijọ́, ni méjèèjì ti wá. Ìtumọ̀ málérìà, nígbà náà, ni “afẹ́fẹ́ búburú”.

Ìdí ni pé ibà a máa pa àwọn tó ń gbé nítòsí àbàtà, wọ́n sì gbà pé òórùn àbàtà ló ń fà á.

Ní ọdún 1880, dókítà ọmọ ilẹ̀ Faransé, Alphonse Laveran, rí kòkòrò àìfojúrí tó ń fa àìsàn náà nínú ẹ̀jẹ̀ aláìsàn ní Algeria. Ní 1897, Ronald Ross rí i ní India pé kòkòrò náà ń dàgbà nínú ẹ̀fọn. Ní 1898, Giovanni Battista Grassi àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Ítálì fi hàn pé abo ẹ̀fọn tí wọ́n ń pè ní Anopheles ló ń gbé e wọ ara ènìyàn. Kì í ṣe òórùn àbàtà ló ń pani. Ẹ̀fọn tó ń yé ẹyin sínú omi rẹ̀ ni.

Ìmọ̀ yìí tètè dé Èkó. William MacGregor, dókítà tó jẹ́ gómìnà ibẹ̀ láti 1899 sí 1904, gbẹ́ ojú omi láti fa àbàtà gbẹ, ó sì mú kí àwọn ènìyàn máa lo oògùn kuníìnì.

Síbẹ̀, ọ̀pọ̀ nínú wa ṣì gbà pé oòrùn, epo tàbí iṣẹ́ àṣekúdórógbó ló ń fa ibà. Èrò yìí léwu, nítorí ẹni tó bá di ẹ̀bi ru oòrùn kò ní rántí omi tó dúró lẹ́yìn ilé rẹ̀. Gẹ́gẹ́ bí Àjọ Ìlera Àgbáyé ti sọ, nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́rin gbogbo ènìyàn tí málérìà ń ṣe lágbàáyé ló wà ní Nàìjíríà. Àwọn ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún ló sì ń pa jù.

Ẹ da omi tó dá rogún nù, ẹ sùn sínú àwọ̀n tí a fi oògùn apẹ̀fọn sí, kí ẹ sì ṣe àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ kí ẹ tó lo oògùn, nítorí kì í ṣe gbogbo ara gbígbóná ni málérìà. Bí ara ọmọdé bá gbóná, ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà gan-an.