Ìbọn Chassepot ní Ilẹ̀ Dàhómì

Ọ̀pọ̀ ìdílé Ẹ̀gbá ní Ẹ̀bútẹ́ Mẹ́tà, tí àwọn bàbá ńlá wọn ṣí wá síbẹ̀ lẹ́yìn Ìfọ́lé ọdún 1867, ni ó ti gbọ́ bí àwọn ará Dàhómì ti gbógun ti Abẹ́òkúta ní 1851 àti ní 1864, tí a sì lé wọn padà lẹ́bàá odi ìlú. Èyí tí a kì í sábà sọ fún àwọn ọmọ ni ti ìbọn tí ìjọba náà gbé ja ogun àjàkẹ́yìn rẹ̀.

Ní ọdún 1866 ni ìjọba Faransé gba ìbọn tí Ọ̀gbẹ́ni Antoine Chassepot ṣe fún àwọn ọmọ-ogun rẹ̀. Kì í ṣe láti ẹnu ni a ti ń kì í bí ṣakabùlà. Irin kan wà ní ìdí rẹ̀ tí a ń yí, tí a sì ń fà sẹ́yìn bí ìdábùú ilẹ̀kùn. A ó fi ọta sí i, a ó sì ti irin náà padà. Tákàdá ni a fi di ọta àti ẹ̀tù pọ̀. Bí a bá yìn ín, abẹ́rẹ́ gígùn kan a gún tákàdá náà, iná a sì ràn. Òrùka rọ́bà ni kì í jẹ́ kí iná sá padà sí ojú ẹni tí ń yìn ín. Bí rọ́bà náà bá gbó, tàbí tí tákàdá bá rin, wàhálà dé. Síbẹ̀ ìbọn rere ni. Nínú ogun ọdún 1870, ọta rẹ̀ ń lọ jìnnà ju ti ìbọn àwọn ọmọ-ogun Jámánì lọ, ṣùgbọ́n Jámánì ni ó ṣẹ́gun, ọ̀pọ̀lọpọ̀ Chassepot sì bọ́ sí i lọ́wọ́.

Ní nǹkan bí ogún ọdún lẹ́yìn náà, àwọn oníṣòwò Jámánì ní Ouidah ń ta ìbọn àlòkù fún Ọba Béhánzìn, Chassepot sì wà nínú wọn. Ẹ wo bí ayé ti ń yí: ìbọn tí Faransé ṣe ni a ń kọ sí Faransé! Ṣùgbọ́n Faransé ti fi í sílẹ̀ tipẹ́. Nígbà tí àwọn ọmọ-ogun Dàhómì, lọ́kùnrin lóbìnrin, kọlu ibùdó Ọ̀gágun Dodds ní Dogba ní ọjọ́ 19 oṣù September, 1892, ìbọn Lebel ti ọdún 1886 ni wọ́n bá níbẹ̀, tí ó ń gba ọta mẹ́jọ lẹ́ẹ̀kan, tí ẹ̀tù rẹ̀ kì í sì í rú èéfín. Ní ọjọ́ 17 oṣù November, àwọn Faransé wọ Abomey.

Kí ni a fi ra àwọn ìbọn náà? Epo wà níbẹ̀. Ènìyàn sì wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Ìlú Kétu, tí Dàhómì fọ́ ní 1886, mọ ibi tí irú ènìyàn bẹ́ẹ̀ ti ń wá. Ní 1891, ará Jámánì kan, Gravenreuth, ra nǹkan bí 370 ẹrú lọ́wọ́ ọba, ó sì kó wọn lọ sí Kamẹrúùn. A sọ àwọn ọkùnrin wọn di ọmọ-ogun, a kò sì san owó iṣẹ́ fún wọn, nítorí a ní wọ́n gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ fi iṣẹ́ san iye tí a fi rà wọ́n. Ní oṣù December, 1893, a na àwọn aya wọn ní ẹgba lójú wọn. Ní ọjọ́ náà ni wọ́n gbé ìbọn, wọ́n sì gba ilé ìjọba ní Duala fún ọjọ́ díẹ̀.