Ojú Ti Rí I, Ọpọlọ Kò Tíì Mọ̀

Bí awakọ̀ bá ń ti Àkúrẹ́ lọ sí Oǹdó, tí ewúrẹ́ já wọ títì, ojú ẹsẹ̀ kọ́ ni ọpọlọ rẹ̀ mọ̀. Apá ìpàkọ́ ni ọpọlọ fi ń ríran. Ojú sì máa ń pẹ́ kí ó tó sọ ìmọ́lẹ̀ di iṣẹ́ tí iṣan lè jẹ́. Bí a bá pín ìṣẹ́jú àáyá kan sí ọ̀nà 1,000, yóò gba bí 50, tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bí ẹlòmíràn bá fọn fèrè sí i, kò ní í tó 20 láti etí dé apá tí ń gbọ́ ìró, lẹ́bàá etí níbẹ̀. (Fèrè wúlò o!) Iwájú orí, níbi tí a ti ń ro ohun tí a ó ṣe, tún pẹ́ ju méjèèjì lọ. Kí ẹsẹ̀ tó tẹ bíréèkì, ó lè tó odindi ìṣẹ́jú àáyá kan; ọkọ̀ tí ń sá 80 kìlómítà ní wákàtí kan ti rin mítà 22 ná.