Ẹlẹ́gàn àti Ẹni Ẹ̀gàn: Ìyàtọ̀ Tí Ó Wà Láàrin 'Contemptuous' àti 'Contemptible'

Ọ̀rọ̀ àpèjúwe méjì tí akẹ́kọ̀ọ́ èdè Gẹ̀ẹ́sì lè tètè ṣì lò fún ara wọn ni 'contemptuous' àti 'contemptible'. Láti inú èdè Látìnì ni àwọn méjèèjì ti wá, ẹ̀gàn sì wà nínú ìtumọ̀ wọn. Bí olùkọ́ bá wá kọ "ẹ̀gàn" nìkan sí ojú pátákó gẹ́gẹ́ bí ìtumọ̀, kò tíì fi ibi tí ewu wà han akẹ́kọ̀ọ́.

Ohun tí ó yẹ kí a béèrè ni pé: ta ni ó ń gàn, ta sì ni a ń gàn? 'Contemptuous' ń ṣàpèjúwe ẹni tí ó ń fojú tẹ́ńbẹ́lú ọmọnìkejì, tàbí ẹ̀rín àti èsì tí ó fi ẹ̀gàn náà hàn. 'Contemptible' ń ṣàpèjúwe ẹni tàbí ohun tí ẹ̀gàn tọ́ sí. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó fẹ́ sọ pé olùkọ́ ń fojú tín-ín-rín òun, tí ó wá kọ ọ́ pé olùkọ́ náà jẹ́ 'contemptible', kò fẹjọ́ sùn mọ́. Èébú ni ó bú u.

Èdè Yorùbá mọ ìyàtọ̀ yìí. Ẹlẹ́gàn ni ẹni tí ń gan ẹlòmíràn, bí a ti lò ó nínú Orin Dáfídì kìíní. Ẹni ẹ̀gàn ni ẹni tí a ń gàn. (Kí a má ṣe rò pé 'oní-' máa ń tọ́ka sí olùṣe nígbà gbogbo: olókìkí kì í pókìkí ẹnikẹ́ni, òun ni a ń pókìkí.) Síbẹ̀, ẹni ẹ̀gàn kò kárí 'contemptible' tán. A lè gan ènìyàn láìtọ́. Ẹni tí ó bá lo 'contemptible' ti dájọ́ pé ẹ̀gàn náà tọ́.

Ní 1914, ìròyìn kàn ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì pé Kaiser Wilhelm Kejì, olú-ọba Jámánì, pe àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì ní ẹgbẹ́ kékeré tí ó jẹ́ 'contemptible'. Ìwádìí ẹ̀yìn ogun kò rí àṣẹ tí wọ́n ní ó ti sọ bẹ́ẹ̀. Àwọn ọmọ ogun náà ti sọ èébú di oríkì ná: 'Old Contemptibles' ni wọ́n ń pe ara wọn. Bí ìròyìn náà bá jẹ́ òtítọ́, Kaiser fúnra rẹ̀ ni 'contemptuous'. 'Contemptible' sì jẹ́ ìdájọ́ tirẹ̀ nìkan.

Ààlà yìí kò fi ìgbà gbogbo hàn kedere. Nínú eré Shakespeare, Much Ado About Nothing, tí a tẹ̀ ní 1600, Don Pedro lo 'contemptible' fún Benedick níbi tí òǹkàwé òde òní yóò ti retí 'contemptuous'. A kò ní torí èyí gbà á fún akẹ́kọ̀ọ́ nínú ìdánwò. Ohun tí a lè fi dán an wò ní kíláàsì ni 'of': 'contemptuous' lè gbà á ṣáájú orúkọ ohun tí a ń gàn, 'contemptible' kì í gbà á.