ÌYÁ TÈTÈ DÉ PÁPÁKỌ̀, ÀGA ẸLẸ́YÌN LÓ BÁ! Bí ẹ ṣe lè rí ìjókòó tó dáa nínú bàálù

Aago mẹ́rin ìdájí ni ìyá aláṣọ kan ní Ojúurin, Àkóbọ̀, nílùú Ìbàdàn, ti wẹ̀ tó ti múra, lọ́jọ́ tó ń lọ tọ́jú ọmọ rẹ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ ní Kánádà. Alẹ́ ni bàálù máa gbéra ní Ìkẹjà. Ọmọ rẹ̀ ọkùnrin ní, "Màámi, ẹ sinmi díẹ̀ ná, ó ṣì kù." Ìyá fèsì: "Gbẹ́nu ẹ sọ́hùn-ún jàre! Ṣé o ò mọ̀ pé ẹni tó bá kọ́kọ́ dé gáréèjì ló ń jókòó síwájú lẹ́gbẹ̀ẹ́ dẹ́rẹ́bà?"

Òótọ́ lọ̀rọ̀ ìyá, tó bá jẹ́ gáréèjì Ìwó Road ni. Nígbà tí wọ́n dé Ìkẹjà, òun ló ṣáájú lórí ìlà. Àmọ́ àga tí wọ́n kọ sínú ìwé tí wọ́n fún un, ìlà tó kẹ́yìn pátápátá ni, láàárín èèyàn méjì, nídìí ilé ìtọ̀. Ògiri wà lẹ́yìn àga ọ̀hún, kò ṣeé dà sẹ́yìn. Ọkùnrin tó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà ti sùn fọnfọn, ojú sì ń ti ìyá láti jí i. Kí ìtọ̀ má baà máa gbọ̀n ọ́n, kò mu omi. Ó ká ẹsẹ̀ jókòó gbagidi títí bàálù fi balẹ̀ ní Yúróòpù. Ó tún wọ òmíràn lọ sí Kánádà, ibì kan náà ló já sí.

Nígbà tó dé ọ̀hún, bàtà ò gba ẹsẹ̀ rẹ̀ mọ́. Nígbà tó di ọjọ́ kejì, ẹsẹ̀ òsì nìkan ló tún wú sí i, ó gbóná, ó sì ń ta á lábẹ́ orúnkún. Ni wọ́n bá gbé e lọ sí ọsibítù. Dókítà ní ẹ̀jẹ̀ ti dì nínú iṣan ẹsẹ̀ rẹ̀, àti pé ká ní wọ́n fi falẹ̀ ni, ẹ̀jẹ̀ dídì náà lè rìn dé inú ẹ̀dọ̀fóró, kó sì pa á. Ìyá tó lọ tọ́jú abiyamọ wá di ẹni tí abiyamọ ń tọ́jú!

ILÉ LA TI Ń KÓ Ẹ̀ṢỌ́ RÒDE

Kí ló ṣe ìyá? Wọ́n ti pín àga tán kó tó jí ní Àkóbọ̀ ni. Ètò bàálù yàtọ̀ sí ti mọ́tò. Ẹni tó bá sanwó lé owó tíkẹ́ẹ̀tì ti lè yan àga láti ọjọ́ tó ti rà á. Tíkẹ́ẹ̀tì tówó rẹ̀ kéré jù kì í sábà ní ẹ̀tọ́ yíyàn nínú, ibi tó bá ṣẹ́kù ni wọ́n máa ń fi olúwa rẹ̀ sí.

Àmọ́ ọ̀nà kan wà fún ẹni tí kò fẹ́ sanwó kún owó. Tó bá ku wákàtí 24 kí bàálù gbéra, ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ bàálù máa ń ṣí ìwé fún àwọn èrò láti ṣe ṣẹ́ẹ̀kì-ìn lórí fóònù. Àwọn mìíràn máa ń tètè ṣí i jù bẹ́ẹ̀ lọ. Lásìkò yìí, púpọ̀ nínú wọn máa ń jẹ́ kéèyàn yàn nínú àga tó kù lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹ ní kí ọmọ yín tójú rẹ̀ là sí fóònù jókòó tì í, kó máa wo aago. Tó bá jẹ́ ọwọ́ aṣojú lẹ ti ra tíkẹ́ẹ̀tì, ìbáà jẹ́ ní Dùgbẹ̀ tàbí Bódìjà, ẹ sọ ibi tẹ́ ẹ fẹ́ fún un kẹ́ ẹ tó sanwó. Abèèrè kì í ṣìnà.

Ẹ ṣọ́ra o! Lẹ́tà àti nọ́ńbà mẹ́fà kan wà lórí tíkẹ́ẹ̀tì tó jẹ́ kọ́kọ́rọ́ ìrìnàjò yín. Ẹ má ṣe fi han àjèjì kankan tó bá ní òun máa bá yín wá àga. Ẹni tó bá ní in lọ́wọ́ pẹ̀lú orúkọ yín lè wọ inú ètò ìrìnàjò yín.

ÈWO LÓ DÁA NÍNÚ ÀGA?

Nọ́ńbà dúró fún ìlà, lẹ́tà dúró fún àga. Nínú ọ̀pọ̀ bàálù ńlá tí wọ́n ń pè ní Boeing 777, àga mẹ́wàá ló wà ní ìlà kan: mẹ́ta lápá kan, mẹ́rin láàárín, mẹ́ta lápá kejì. A àti K ló wà lójú fèrèsé. C, D, G àti H ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà. Ẹ ò ní rí I níbẹ̀, torí ó jọ 1. Airbus A330 ní tiẹ̀ máa ń ní méjì, mẹ́rin, méjì. Ìyẹn dáa fún tọkọtaya, torí kò sí ẹni kẹta tó máa há sí wọn láàárín.

Ẹni tó bá fẹ́ sùn, kó gba ojú fèrèsé. Àgbàlagbà, aboyún, àti ẹni tí ìtọ̀ ń gbọ̀n, ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà ni tiwọn. Ẹni tí ẹ̀rù ń bà tí bàálù bá ń mì, kó jókòó nítòsí apá bàálù. Ìdí bàálù ló máa ń mì jù. Àga tó kọjú sí ògiri níwájú láàyè ẹsẹ̀, àmọ́ ibẹ̀ ni wọ́n ń so bẹ́ẹ̀dì ọmọ ọwọ́ mọ́. Abiyamọ ni kó béèrè fún un. Ẹni tí kò fẹ́ gbọ́ ẹkún, kó yà fún un.

Àga ẹ̀bá ilẹ̀kùn pàjáwìrì ló gba ẹsẹ̀ jù, àmọ́ iṣẹ́ wà níbẹ̀. Òfin ni pé kí ẹni tó ṣe bàálù fi hàn pé gbogbo èrò lè jáde láàárín ìṣẹ́jú-àáyá 90, kódà bí ìdajì ilẹ̀kùn ò bá ṣí. Ẹni tó jókòó síbẹ̀ lè ní láti ran àwọn èèyàn lọ́wọ́ láti jáde. Ọmọdé, aboyún, ẹni tó gbé ọmọ dání, ẹni tí ara rẹ̀ ò le, wọn ò gbọ́dọ̀ jókòó síbẹ̀. Ẹni tó purọ́ gba ibẹ̀ ń fi ẹ̀mí ẹlòmíràn ṣeré.

BÍ ÀGA Ò BÁ DÁA ŃKỌ́?

Ẹ má gba àga alága. Ẹ bẹ òṣìṣẹ́ inú bàálù, kẹ́ ẹ sì dúró kí gbogbo èrò wọlé tán. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ kí ẹnì kan bá yín pààrọ̀, àga tó tó tirẹ̀ tàbí tó jù ú lọ ni kẹ́ ẹ fi lọ̀ ọ́. Tó bá ní òun ò ṣe, kò ṣẹ̀ yín.

Ibi yòówù kẹ́ ẹ jókòó sí, ẹ má jókòó bí ère. Ìwádìí tí àjọ ìlera àgbáyé, WHO, gbé jáde ní 2007 fi hàn pé ewu ẹ̀jẹ̀ dídì máa ń di ìlọ́po méjì tí ìrìnàjò bá ti tó wákàtí mẹ́rin tàbí jù bẹ́ẹ̀ téèyàn sì jókòó sójú kan. Ìkẹjà sí Lọ́ńdọ̀nù nìkan ti lé ní wákàtí mẹ́fà! Ẹ máa yí ọrùn ẹsẹ̀, ẹ máa dìde rìn tí wọ́n bá ti tan iná bẹ́líìtì pa, ẹ mu omi, ẹ má wọ aṣọ tó fún pinpin. Ẹni tí ẹ̀jẹ̀ ti dì lẹ́sẹ̀ rẹ̀ rí, ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣiṣẹ́ abẹ, àti aboyún, kí wọ́n kọ́kọ́ rí dókítà.

Ìyá aláṣọ tún lọ sí Kánádà lẹ́yìn ọdún méjì. Lọ́tẹ̀ yìí, inú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ní Ojúurin ni ọmọ rẹ̀ jókòó sí, láàárín àwọn ankará, tó ń wo aago. Bí wákàtí 24 ṣe pé géérégé báyìí, ó tẹ fóònù, ó mú C, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà. Ìyá mu omi, ó rìn títí àwọn ọmọge inú bàálù fi mọ̀ ọ́n. Ó dé ọ̀hún tòun ti bàtà lẹ́sẹ̀.

Ìmọ̀ràn tó wá ń fún àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ lọ́jà ni pé: "Ẹ má wulẹ̀ sáré dé Ìkẹjà o. Àkóbọ̀ níbí lẹ ti máa jókòó sínú bàálù."