Ọkọ̀ yín ń ké? Ẹ mọ ohun tó ń sọ kó tó dá yín dúró lójú ọ̀nà

Láti Parakou sí Kútọnù, ìrìn tó lé ní 400 kìlómítà ni. Bí ẹ bá kọrí sí àríwá, láti Parakou dé Malanville lẹ́bàá ààlà Niger, ó lé ní 300. Ọ̀pọ̀ ibi ló wà lójú ọ̀nà méjèèjì tí ẹ kò ti ní rí mẹkáníìkì nítòsí. Nítorí náà, ẹni tó ń fi ọkọ̀ ilé gbé ọmọ lọ síléèwé láàárọ̀, tó tún ń fi kó iṣu àti gàrí wá sí ọjà Arzèkè, gbọ́dọ̀ mọ ariwo tó lè dúró di ọ̀la àti èyí tó ní kí ẹ pa ẹ́ńjìnnì lójú ẹsẹ̀.

Ọ̀pọ̀ ọkọ̀ tó wà nígboro wa ló jẹ́ àlòkù tó gba èbúté Kútọnù wọlé. Wọ́n ti rìn jìnnà kí wọ́n tó dé ọ̀dọ̀ wa. Ihò, bọ́ǹpù, ọ̀nà erùpẹ̀ àti ẹrù wúwo sì tún ń bá wọn jà níbí. Bí kò bá nídìí, obìnrin kì í jẹ́ Kúmólú. Ọkọ̀ náà kì í ṣàdédé ké.

Ìgbà wo ló ń ké?

Bí ẹ bá kàn sọ fún mẹkáníìkì pé "ọkọ̀ mi ń pariwo," yóò máa méfò ni, owó yín ni yóò sì fi méfò. Ẹ kọ́kọ́ kó ẹrù inú búùtù kúrò. Nígbà mìíràn, jáàkì tàbí táyà àpamọ́ ló ń ta gbọ̀n-gbọ̀n.

Lẹ́yìn náà, ẹ dúró sójú kan, kí ẹ́ńjìnnì máa ṣiṣẹ́. Bí ariwo náà kò bá dáwọ́ dúró, ẹ́ńjìnnì tàbí páìpù èéfín ni kí ẹ kọ́kọ́ fura sí. Bó bá jẹ́ pé ìgbà tí ọkọ̀ bá ń rìn nìkan ló ń ké, ẹ wo ẹsẹ̀ ọkọ̀ àti bíréèkì.

Ohun tí ariwo kọ̀ọ̀kan lè túmọ̀ sí

Ó ń han tí ẹ bá tẹ bíréèkì: plaquette lè ti fẹ́ẹ́ jẹ tán. Àwọn kan ní irin kékeré tí wọ́n fi sí i kó lè máa han láti kìlọ̀. Bó bá ti ń dún bí irin tó ń ha irin, ó ti ń jẹ díìsìkì nìyẹn, owó yóò sì di méjì.

Ó ń dún gbì-gbì lórí bọ́ǹpù: ó lè jẹ́ rotule, rọ́bà tó ti jẹ, tàbí amortisseur. Ẹ tẹ igun ọkọ̀ mọ́lẹ̀, kí ẹ fi í sílẹ̀. Bó bá ń fò sókè sódò ju ẹ̀ẹ̀mejì lọ, amortisseur ti rẹ̀ ẹ́. Ti rotule ló léwu jù: bó bá yọ, táyà lè ṣẹ́ sábẹ́ ọkọ̀, sítíárìn kò sì ní dáhùn mọ́.

Ó ń dún ta-ta-ta tí ẹ bá kọ́ kọ́nà: cardan ni ẹ máa kọ́kọ́ wò.

Ó ń kùn bí bàálù, tó sì ń pọ̀ bí eré ṣe ń pọ̀: roulement ni tàbí táyà tó jẹ ségesège. Bí ìkùn náà bá yí padà tí ẹ bá yà díẹ̀ sọ́tùn-ún tàbí sósì, roulement ni kí ẹ fura sí jù.

Ó ń dún bí agolo lábẹ́: páìpù èéfín lè ti tú. Bó bá ti lu, èéfín tí kò ní àwọ̀, tí kò sì ní òórùn, lè wọ inú ọkọ̀, ó sì ń pa ènìyàn.

Ó ń ta kán-kán-kán bó bá ń gun òkè pẹ̀lú ẹrù: ẹ rántí ibi tí ẹ ti ra epo kẹ́yìn. Kpayo tí kò dára lè fà á.

Èyí tí kò gba sùúrù

Ẹ gúnlẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà bí iná ọ́ìlì pupa bá tàn, tí ẹ́ńjìnnì sì ń dún kọ̀n-kọ̀n. Ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ bí bíréèkì bá ń wọlé ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, tàbí bí sítíárìn bá ń gbọ̀n, tí ẹsẹ̀ kan sì ń lù. Bí wọ́n bá ṣẹ̀ṣẹ̀ pààrọ̀ táyà fún yín, ó lè jẹ́ pé nọ́ọ̀tù rẹ̀ kò le. Ẹ má ṣe wọ abẹ́ ọkọ̀ tí jáàkì nìkan gbé dúró.

Lọ́dọ̀ mẹkáníìkì

Ẹ fi fóònù gba ohùn náà sílẹ̀. Ẹ ní kí mẹkáníìkì bá yín wa ọkọ̀ náà kó tó tú ohunkóhun. Bó bá pààrọ̀ nǹkan, ẹ ní kó fi ti àtijọ́ hàn yín.

Ní ìrọ̀lẹ́ tó ṣáájú ìrìn jíjìn, ẹ pa rédíò, ẹ sọ gíláàsì kalẹ̀, kí ẹ wa ọkọ̀ jẹ́jẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri gígùn kan. Ògiri náà yóò dá ohùn ọkọ̀ padà sí yín létí. Èyí tí ẹ bá gbọ́ ní Parakou, mẹkáníìkì wà nítòsí tí yóò ṣe é. Èyí tí ẹ bá gbé dé àárín ọ̀nà lóru, ẹ̀yin àti àwọn ọmọ inú ọkọ̀ lẹ ó jọ dúró dè é.