Ojú Aago Àtijọ́

Bí a bá fẹ́ ra aago ọwọ́ àtijọ́, ká má jẹ́ kí dídán ojú rẹ̀ tàn wá jẹ. Wọ́n lè ti tún un kùn, èyí sì máa ń dín owó rẹ̀ kù.

Ká fi awò tí ń mú nǹkan tóbi wò ó. Lẹ́tà tí ilé-iṣẹ́ tẹ̀ sí i máa ń tín-ín-rín, a sì máa gún régé. Bí lẹ́tà bá nípọn, tàbí tí àmì ìṣẹ́jú kò bá àmì wákàtí mu, ká fura. Ìfura loògùn àgbà.

Bó bá jẹ́ aago ilẹ̀ Switzerland, ká wo ìsàlẹ̀ 6: “SWISS” sábà máa ń wà níbẹ̀. Ẹni tó tún un kùn lè gbàgbé rẹ̀.

Aago tí bàbá fi sílẹ̀ ńkọ́? Ká má sáré tún un kùn. Ọ̀dà àkọ́kọ́ tí a bá ha dànù kò ní padà mọ́.